Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù l'Ábújá, ẹ tọ́jú ojú yín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gbogbo wa la máa ń ṣàwàdà pé tí ẹ̀yìn bá ń dunni, ká pa ara ká tún un tàn bíi kọ̀ǹpútà. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, àmọ́ ojú kò ṣe é tún kọ. Téèyàn bá tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ọyẹ́ ibí yìí á wá gbẹ ẹ́ sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Kubwa, ojú mi pọ́n bí ata rodo, omi ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù.

Tó bá jẹ́ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) lẹ̀ ń lò, ẹ tẹ èyí sí tẹ́míná, ìyẹn ojú ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà:

while true; do sleep 1200; notify-send "Gbójú sókè"; done

Ìṣẹ́jú àáyá 1200 yẹn, ìṣẹ́jú 20 ni. Bí ìránnilétí "Gbójú sókè" bá ti yọ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wo nǹkan tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́jú dáadáa. Igi máńgòrò ilé kejì lèmi máa ń wò láti ojú fèrèsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á tì, kódà bí ọ̀gá bá ń pè. Bójú bá ṣì ń ta yín, dókítà ojú ló kàn.