Ibi Tí Ọkọ̀ Yóò Sùn: Dídákọ̀ró ní Solent

Ọkọ̀ onígbòkun kékeré ni èmi àti ìyàwó mi fi ń rìn ní Solent, omi tó wà láàárín Southampton àti erékùṣù Wight. Àwọn ọmọ ilé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ a máa bi mí léèrè pé irú ìdákọ̀ró wo ni kí àwọn rà. Ìbéèrè tèmi ló máa ń ṣáájú: afẹ́fẹ́ wo ni yóò fẹ́ lóru?

Ẹ tẹ́tí sí ìròyìn ojú ọjọ́ ti Met Office títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ wá ilẹ̀ tí yóò dí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀, torí èyí tó ń fẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ lè yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo Osborne Bay, lẹ́bàá East Cowes ní erékùṣù Wight. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gúúsù tàbí ìwọ̀ oòrùn wá, ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́. Bó bá máa yí sí àríwá tàbí ìlà oòrùn lóru, èmi ò ní sùn níbẹ̀ láéláé, torí ẹ̀yìn ọkọ̀ gan-an ni ilẹ̀ wà, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò sì máa tì í lọ. (Osborne House, ilé Ọbabìnrin Victoria, ló wà lókè ibẹ̀. Ní 2020 ni wọ́n gbé àwòrán Àìná síbẹ̀, ọmọ Yewa tí wọ́n mú wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi.)

Bí afẹ́fẹ́ bá máa yí sí ìlà oòrùn lóru, Newtown Creek, ẹnu odò kan ní erékùṣù Wight kan náà, ni mo máa ń sá lọ, nítorí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká, àmọ́ afẹ́fẹ́ àríwá máa ń wọ ibẹ̀. Ẹ wọlé nígbà tí omi ń kún, kó lè jẹ́ pé bí ìdí ọkọ̀ bá kan ilẹ̀, omi yóò gbé e. Ẹ tètè dé o. Ní Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í pẹ́ kún.

Ẹrẹ̀ àti iyanrìn máa ń di ìdákọ̀ró mú dáadáa. Àpáta lè há a mọ́lẹ̀ tí kò ní jáde mọ́. Koríko inú òkun ni kí ẹ yẹra fún: ìdákọ̀ró máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó sì máa ń hú koríko náà. Ní Studland Bay, nítòsí Poole, àárín koríko yìí ni ẹṣin òkun ń gbé, òfin sì ti ń dáàbò bo ibẹ̀ láti 2019. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ àwọn bọ́ì (ohun tó ń léfòó, tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ omi) tí wọ́n ṣe síbẹ̀.

Ṣéènì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣahun rẹ̀. Ìwọ̀n ṣéènì tó sùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ omi ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fa ìdákọ̀ró sókè. Bó bá kúrú, ńṣe ni ọkọ̀ máa fà á tu bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́. Ká ní omi jìn ní mítà 3 nígbà tí ẹ dé, tó sì kù kó fi mítà 2 ga sí i. Ẹ fi gíga iwájú ọkọ̀ kún un, mítà 1. Gbogbo rẹ̀ di 6. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 4: ṣéènì mítà 24. Bó bá jẹ́ okùn ló pọ̀ níbẹ̀, ìlọ́po 6, mítà 36. Ẹ tún ṣírò bí omi yóò ṣe fà tó, kí ọkọ̀ má baà jókòó sórí ilẹ̀ lóru. Ní Portsmouth, lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú tàbí tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4.

Ẹ kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹ dúró, ẹ rọra sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀, ẹ máa tú ṣéènì bí ọkọ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì sí rífáàsì, díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi máa ń gbé ọwọ́ lé ṣéènì: bó bá ń gbọ̀n, ìdákọ̀ró ṣì ń wọ́ nílẹ̀, bó bá le tó sì dúró, ó ti mú. Ẹ wo ohun méjì tó wà ní ìlà kan létí omi, bí igi àti òrùlé. Bí wọ́n bá pínyà, ọkọ̀ ti ń rìn. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù dúdú sókè lọ́sàn-án, ẹ tan iná funfun lóru, kí àwọn ọkọ̀ mìíràn lè mọ̀ pé ẹ ti dákọ̀ró.

Bí kò bá mú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó ibùdókọ̀ ní Cowes wọ́n nínú oṣù kẹjọ, àmọ́ ẹ lọ san án.