Bí Mo Ṣe Yẹ Ẹ́ńjìnnì RX-8 Wò ní Òṣogbo Lẹ́yìn Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Owó tí mo san fún àyẹ̀wò tí kì í ṣe àyẹ̀wò ló mú mi kọ èyí. Mazda RX-8 ọdún 2005 ni ọkọ̀ náà. Láàárọ̀, ó ń sítáàtì dáadáa. Tó bá ti gbóná, tí mo sì pa á ní Oríta Ọláìyá, ó di kó tutù kó tó tún jẹ́. Mẹkáníìkì kan ki gẹ́ẹ̀jì bọ ihò púlọ́ọ̀gì, ó ka nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, kí n wá tòkunbọ̀ míì. Ó gba owó rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kò pọ̀ nílùú wa, n kò bínú sí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé ó dájọ́ ikú fún ohun tí kò wọ̀n.

Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní písítìnnì, kò ní fáàfù, kò ní ríìngì. Rótọ̀ méjì, ìyẹn irin onígun mẹ́ta tó ń yí, ló ní, rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́ta, ojú kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́ńpúrẹ́ṣọ̀n (agbára tó fi ń tẹ atẹ́gùn pọ̀) tirẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́fà ló yẹ kó jáde. Gẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi ń wọn Corolla ní fáàfù kékeré kan lẹ́nu tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn padà, nítorí náà ojú tó lágbára jù nínú mẹ́ta ló ń fi hàn. Ojú méjì lè ti bàjẹ́ kí nọ́ńbà ṣì dára. Tiwa kéré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ojú tó dára jù pàápàá bá kéré, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ni pé báwo ni kíkì, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá ń sítáàtì, ṣe ń yí i sí.

N kò ní fi yíyọ táyà iwájú ọwọ́ òsì àti púlọ́ọ̀gì gba àyè yín. Ẹ ṣáà má fi púlọ́ọ̀gì kan sí ipò èkejì: RE7A-L ni ti ìsàlẹ̀, RE9B-T ni ti òkè. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa. Ẹ yọ fìúsì pọ́ọ̀ǹpù epo, ẹ tú wáyà kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, kí ẹnì kan tẹ tọ́tùlù dé ilẹ̀ nígbà tó bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Irin kékeré tí fọ́kánáísà fi ń tú ojú táyà ni mo fi yọ fáàfù ẹnu gẹ́ẹ̀jì náà. Láti ìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ kò dúró lójú kan mọ́, ó ń fò lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta. Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀, mo sì wò ó díẹ̀díẹ̀.

Bí ìfò méjì bá kéré tí ọ̀kan ga, apex seal, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ṣónṣó rótọ̀, ló ti kán, torí ààrin ojú méjì ló máa ń wà. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá kéré, ẹ fura sí side seal, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rótọ̀. Tiwa dọ́gba ní rótọ̀ méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ló kàn kéré. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i, torí ẹ́ńjìnnì tó kán kì í dọ́gba báyẹn.

Ibi tí wàhálà wá wà nìyí. Nọ́ńbà tí Mazda kọ sílẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 250 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń sọ. Bí kíkì bá ń fà, nọ́ńbà á wálẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe rótọ̀. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ èyí. “Ṣebí ó ń yí?” ni rewáyà ń bi mí. Ó ń yí lóòótọ́, àmọ́ mélòó? Kíkà rẹ̀ kò ṣòro: tí ọ̀pá àárín bá yí lẹ́ẹ̀kan, rótọ̀ kan á mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka ìró “fù” láti ihò kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Ó yẹ kó tó 21. Tiwa jẹ́ 15, ìyẹn 180.

Rewáyà ní bátìrì ni. Mo ra tuntun, owó ńlá, 15 náà ni. Mo wá fi ẹnu mítà kan sórí odi (negative) bátìrì, ìkejì sára irin ẹ́ńjìnnì, a sì yí kíkì: fóòtì (volt) 1.4 ló ń ṣòfò lórí wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so odi bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, nìkan, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ìdajì fóòtì. Nígbà tí mo bó ọ̀rá rẹ̀, bàbà inú ti di lúúlúú aláwọ̀ ewé. Wáyà tuntun tó nípọn gbé e dé 18. Kíkì fúnra rẹ̀ ló kù. RX-8 àkọ́kọ́ gbé kíkì tí kò lágbára wá, Mazda sì ṣe èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Mo ṣàlàyé èyí fún oníṣòwò ní Ládípọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí, síbẹ̀ ti àtijọ́ ló kọ́kọ́ fi sínú ọkọ̀ wá sí Òṣogbo. Owó ọkọ̀ lọ, owó ọkọ̀ bọ̀. Nígbà tí èyí tó tọ́ dé, mo ka 22.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó háyà gẹ́ẹ̀jì rótọ̀ gidi láti Ìbàdàn. Rótọ̀ iwájú: 750, 740, 730 kPa (òṣùwọ̀n agbára ìtẹ̀ ni kPa). Ti ẹ̀yìn: 710, 720, 700. Tuntun máa ń tó 830, kò sì gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 680. Ìyàtọ̀ láàárín ojú rótọ̀ kan kò gbọdọ̀ ju 150 lọ, láàárín rótọ̀ méjèèjì kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní ó kú rèé o! Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ó sì ń sítáàtì ní gbígbóná.

Bí mo bá tún bá irú rẹ̀ pàdé, wáyà ẹ́ẹ̀tì àti kíkì ni màá kọ́kọ́ wọ̀n, kí n tó fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni màá pààrọ̀ pọ̀, torí epo tí kọ́ìlì tó rẹ̀ kò bá jó, inú kátálístì, asẹ́ èéfín tó wà nínú ẹ́sọ́ọ̀sì, ló ń lọ jó. Kátálístì á dí, ooru á padà sórí seal. Ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì yìí ń mu ún láti fi ra ojú seal ni, kì í ṣe àìsàn, nítorí náà ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì wò lẹ́ẹ̀kan láàárín epo méjì tí ẹ bá rà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra RX-8 lọ́wọ́ èèyàn, kó wà á títí yóò fi gbóná, kó pa á, kó dúró bí ìṣẹ́jú 10, kó tún un sítáàtì lójú olówó rẹ̀. Tí wọ́n bá ti tan án sílẹ̀ kó tó dé, tí wọn kò sì jẹ́ kó pa á, kó gbé owó rẹ̀ padà sápò.