Ìràwọ̀ mi kọ̀, kò bú gbàmù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo gbé ìràwọ̀ tó wúwo tó oòrùn 15 sínú kóòdù 1D (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ìràwọ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, láti àárín sí ìta), àárín ẹ̀ tó jẹ́ irin wó dáadáa, ó ta padà, ìgbì tó yẹ kó fọ́n ìràwọ̀ náà ká jáde, àfi bó ṣe dé bíi 150 kìlómítà tó dúró gbọin. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń wá ibi tí mo ti ṣìṣe.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, ó lè má sí àṣìṣe kankan. Ìgbì yẹn ń ná agbára ẹ̀ láti fi fọ́ irin tó ń já lù ú sí wẹ́wẹ́, neutrino (ẹ̀yà tíntìntín tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kan nǹkan kan) tún ń kó nínú èyí tó kù sá lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nínú 1D nìyẹn. Ṣáà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé neutrino inú kóòdù ẹ kàn ń kó agbára lọ ni, àbí ó ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìgbì? Ohun tí Bethe àti Wilson, àwọn onímọ̀ físíìsì, sọ lọ́dún 1985 nìyẹn, pé neutrino ló ń jí ìgbì yẹn dìde.

Ìbéèrè: Neutrino tó ń gba inú ilẹ̀ ayé kọjá láìkan nǹkan kan, báwo ló ṣe fẹ́ ti ìràwọ̀?

Ìdáhùn: Pípọ̀ ẹ̀ ni! Nínú 100 agbára tó jáde, bíi 99 ni neutrino ń kó lọ, bíi 1 péré sì ti tó fún ìbúgbàmù. Àárín yẹn ki débi pé neutrino gan-an há síbẹ̀, bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló fi ń yọ́ jáde, proton àti neutron (àwọn ẹ̀yà inú átọ̀mù) tó wà lábẹ́ ìgbì á sì gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. A sì rí i o nígbà tí ìràwọ̀ kan bú gbàmù: ní February 23, 1987, nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń mú neutrino, Kamiokande ní Japan mú 11, IMB ní Amẹ́ríkà mú 8, Baksan ní Soviet mú 5, wákàtí mélòó kan kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà tó dé. 24 péré, orí mi ṣì máa ń wú tí mo bá rántí.

Ìbéèrè: Mo ti jẹ́ kó máa gbóná, kò ṣì bú.

Ìdáhùn: 1D ò lè hó, òun nìyẹn. Wo ìkòkò ẹ̀wà lórí iná, ti ìsàlẹ̀ á gbóná á ru sókè, ti òkè á wá sísàlẹ̀ wá gba iná tiẹ̀, títí ọmọrí á fi máa mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lábẹ́ ìgbì, ìhó yẹn ló ń tì í, 3D, tó ń wo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló sì lè fi í hàn bó ṣe rí. 2D, tó ń wo ọ̀nà méjì, rọrùn, ṣùgbọ́n ó máa ń kó ìhó náà jọ di ńláńlá ju bó ṣe yẹ lọ, ìràwọ̀ á bú níbi tí kò yẹ. Kó o tó náwó sí 3D, gbé èyí tó tó oòrùn 8.8 tí àárín ẹ̀ kì í ṣe irin sínú 1D ẹ, ìyẹn máa ń bú níbẹ̀. Tó bá bú, kóòdù ẹ dáa.