Kì í ṣe gbogbo omi tó ń hó ló ní hydrate lábẹ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ permafrost

Mi ò ní parọ́, inú ló ń bí mi tí mo fi jókòó kọ eléyìí. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń lọ síbi ilẹ̀ tó dì, Alaska lápá kan, Mackenzie Delta ní Kánádà lápá kejì, kò sì sí ọdún kan tí mi ò ní rí àwọn ẹni tuntun tó máa kó ẹ̀rọ olówó gọbọi dé, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú yìnyín, dátà tí wọ́n á gbé lọ sílé ò sì ní ṣeé fi kọ nǹkankan. Helikọ́pítà tó ń gbé wọn kiri, wákàtí kan péré ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ o. Owó olówó sì ni.

Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí permafrost jẹ́. Ẹni tí wọ́n ti fún lówó ìwádìí tí kò tíì mọ̀ pé ilẹ̀ tí kò gbóná ju 0°C lọ fún ọdún méjì gbáko là ń pè bẹ́ẹ̀, kó lọ kà á kó tó padà wá.

1. Bátìrì. Lithium ni kẹ́ ẹ rà. Ó parí.

2. Wáyà. Ẹ fi í sínú páìpù irin. Mo ti ṣí lógà (ẹ̀rọ tó ń kọ dátà pa mọ́) kan rí tó jẹ́ -9999, -9999, -9999, ìyẹn "kò sí nǹkankan", ló ń kọ fún oṣù méje, eyín ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ kan ló fà á.

3. Ẹ má tú sẹ́ńsọ̀ tó ń ka 0°C. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, omi inú ilẹ̀ máa ń tú ooru sílẹ̀ bó ṣe ń di yìnyín, ooru yẹn ló máa dá ilẹ̀ dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Zero curtain là ń pè é. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọdún kejì mi, mo fi àáké gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ títí ọwọ́ mi fi bó, mo yọ sẹ́ńsọ̀ tó "bàjẹ́", mo ri tuntun bọ̀ ọ́, mo tan kọ̀ǹpútà: 0.0. Bàbá tó ń fi snowmobile gbé wa kiri wò mí, ó ní ṣé mo ti tún un ṣe báyìí?

Àsìkò yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ dúró, àmọ́ tí August bá ti ń parí, ẹ ti di ẹrù. Ìwádìí tí Donatella Zona àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 2016 ti fi hàn pé lórí tundra Alaska, ilẹ̀ tútù tí igi ò hù sí, ó kéré tán ìdajì methane (gáàsì kan tó ń mú ayé gbóná) ọdún kan láàárín September sí May ló ń jáde. Ẹ̀yin wá wọn oṣù méjì, ẹ lọ fi ẹnu pe ìyókù.

4. Chamber, àpótí tá à ń dé mọ́ ilẹ̀ láti wọn gáàsì, lórí àbàtà. Tẹ́ ẹ bá fi bàtà tẹ etí ẹ̀ báyìí, gáàsì tó wà lábẹ́ á tú pùrù, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ bíi pé ilẹ̀ ló mí i jáde fúnra ẹ̀. Ẹsẹ̀ yín lẹ wọ̀n. Ẹ to pákó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì má fò sókè tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà ńlá.

Ó yá, ká wá sọ èyí tó gbé mi jókòó: hydrate. Gbogbo nǹkan ni hydrate lójú àwọn ọmọ yìí. Adágún hó, hydrate ni. Ilẹ̀ lu ihò ní Yamal ní Rọ́ṣíà ní 2014, hydrate ni. Ẹ jọ̀ọ́, methane tí omi dídì há mọ́ inú bí ẹyẹ nínú àgò ni hydrate, òtútù nìkan ò sì lè há a, nǹkan gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi. Ní 0°C, ó tó ìlọ́po 26 agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá kó tó lè dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Mallik, nínú Mackenzie Delta níbẹ̀ yẹn, nǹkan bí mítà 890 sí 1,100 nísàlẹ̀ ni wọ́n ti bá a, lábẹ́ permafrost tó ti nípọn ju mítà 600 lọ fúnra ẹ̀. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn kan tẹ́ ẹ rí lókè yìí, ọdún tó máa lò kó tó dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ yín ò ní bá a.

Mo mọ̀ nítorí pé mo ti ya òmùgọ̀ ẹ̀ rí. Adágún kan wà tí ilẹ̀ tó yọ́ ló gbẹ́ ẹ, a lọ síbẹ̀ ní March, yìnyín orí ẹ̀ mọ́ gaara, ẹ máa rí ìhó gáàsì tó há sínú ẹ̀ ní ìpele ìpele bí àwo funfun tí wọ́n tò léra. Mo lu ihò, mo ṣáná sí i. Iná sọ gòkè ju orí mi lọ, irun ojú mi jó, inú mi dùn bíi kí n kú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi email ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, lẹ́tà ńlá ńlá: A TI RÍ HYDRATE. Ìdáhùn ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ: omi yẹn jìn tó mítà mélòó? Mo ní mẹ́ta. Kò fèsì fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó máa fèsì, àwòrán phase diagram, èyí tó ń fi hàn bí òtútù àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí hydrate tó lè dúró, ló fi ránṣẹ́, ó ti fi bírò pupa ya àmì kan síbi tí adágún mi wà, nínú òfìfo, ó jìnnà sí ìlà hydrate bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Ìlọ́po 1.3 péré ni mo ní níbi tí wọ́n ti ń wá 26. Mo ṣì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ewéko àtijọ́ tó yọ́ ló ń mú gáàsì yẹn wá.

Wọ́n á wá ní isotope, ìyẹn ìwọ̀n carbon wúwo sí fífúyẹ́ nínú gáàsì, ló sọ fún àwọn. Mo mọ ẹnì kan tó san owó sáǹpù ọgọ́ta, gbogbo ẹ̀ jáde ní nǹkan bíi -70, ó ní ẹ ò rí i bí? Kí la fẹ́ rí? Ohun tí nọ́ńbà yẹn lè sọ ni bóyá kòkòrò ló ṣe gáàsì náà tàbí ooru inú ilẹ̀. Hydrate tó pọ̀ láyé, gáàsì kòkòrò náà ló wà nínú wọn! Nọ́ńbà ò lè sọ fún yín bóyá gáàsì ti ṣẹ̀wọ̀n rí tàbí kò ṣe. Ẹ fi carbon-14 (tó ń sọ ọjọ́ orí carbon) àti ethane (gáàsì mìíràn tí ooru inú ilẹ̀ sábà ń ṣe) kún un, á ràn yín lọ́wọ́, síbẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́.

Tàbí ti Svalbard, àwọn erékùṣù Norway ní àríwá pátápátá. Ní 2009 Westbrook, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rí ju 250 ibi tí gáàsì ti ń hó látìsàlẹ̀ òkun, ariwo ta pé ayé ti ń gbóná, hydrate ti ń yọ́. Ní 2014 Berndt àti àwọn tiẹ̀ ṣàyẹ̀wò èèpá carbonate, òkúta tó dì síbi tí gáàsì ti ń jáde, ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ó kéré tán tó ti ń hó. Ẹ wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní ó ń pọ̀ sí i. Ó pọ̀ ju ti ìgbà wo lọ? Kí Ruppel àti Kessler tó kó gbogbo ìwé jọ ní 2017 tí wọ́n ní kò tíì sí ẹ̀rí gidi pé methane hydrate ń dé afẹ́fẹ́ báyìí, owó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kòkòrò ń jẹ nínú ẹrọ̀fọ̀ àti nínú omi kó tó yọjú. Mi ò ní kẹ́ ẹ má bẹ̀rù o. Carbon tó wà nínú permafrost tó nǹkan bí 1,500 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì wà nítòsí, kò fẹ́ ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ńlá. Òun lẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń lé àràmàǹdà.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà la dé: fìríìjì. Ẹ má kó core permafrost, ọ̀pá ilẹ̀ dídì tẹ́ ẹ gbẹ́ jáde, sínú fìrísà ilé ìtura, èyí tó ń yọ́ yìnyín ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ń gbóná ó ń tutù lójoojúmọ́, ẹ ò ní mọ̀, omi inú core á ti gbẹ lọ. Core ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ èyí.

Core hydrate gidi ńkọ́, tẹ́ ẹ bá ríkan láyé yín? Tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń mú u gòkè láì jẹ́ kó túra, ẹ tètè tì í sínú liquid nitrogen, nitrogen olómi tó tutù gan-an, torí kúbíkì mítà kan ń tú nǹkan bí 164 kúbíkì mítà gáàsì sílẹ̀, á máa ṣe ṣìì ṣìì lọ́wọ́ yín títí á fi ku omi.

License: ní Northwest Territories, níbi tí Mackenzie Delta wà ní Kánádà, ẹ ò lè ṣèwádìí láìní in, àwọn ará ìlú sì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i. Oṣù ló ń gbà. Ẹ má kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Lánàá yìí náà, ọmọ kan kọ̀wé sí mi: Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé a ti rí hydrate nínú adágún wa. Mo ní omi ẹ̀ jìn tó mítà mélòó? Ó ní méjì ààbọ̀. Bírò pupa ni mò ń wá báyìí.