Ráàmù 4000 lórí Ryzen 3000: kí ló dé tó fi ń lọ́ra ju 3200 lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ráàmù kan ló dà mí lórí rú. Ryzen 5 3600 ni prósẹ́sọ̀ tí mo ń lò, ọ̀kan lára Ryzen 3000 ti AMD, ráàmù mi tẹ́lẹ̀ jẹ́ 3200 CL16 (3200 ni iyára ẹ̀, CL ni iye klọ́ọ̀kù tó fi ń dúró kó tó dáhùn), 8GB méjì, géèmù ń lọ dáadáa. Mo wá tọ́jú owó, mo ra 4000 CL19 torí wọ́n ní òun ló yára jù. Mo tan XMP, ìyẹn sẹ́tíǹsì tó ń jẹ́ kí ráàmù sá dé iyára tí wọ́n kọ sára ẹ̀, Task Manager sọ pé 4000 lóòótọ́, àmọ́ géèmù wá ń háńgì díẹ̀díẹ̀, mo fi AIDA64, sọ́fítíwíà tó ń wọn kọ̀ǹpútà, wọ̀n ọ́n, látẹ́ńsì, ìyẹn àkókò tí prósẹ́sọ̀ fi ń dúró de ráàmù, tó jẹ́ bíi nánósẹ́kọ́ńdì 74 tẹ́lẹ̀ ti di 82. Ṣé ráàmù burúkú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, owó ẹ ò ṣòfò. Ráàmù yẹn ò ní àléébù, ọ̀nà tó fi ń wọ inú prósẹ́sọ̀ ni ìṣòro wà. Wò ó báyìí, látìgbà tí AMD ti gbé Ryzen 3000 jáde ní 2019, ọ̀tọ̀ ni ègé tí àwọn kọ́ọ̀, ìyẹn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, wà lórí ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ègé tí memory controller wà, ìyẹn ẹni tó ń bá ráàmù sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó so ègé méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń pè ní Infinity Fabric, kò sì sí nǹkan tí kọ́ọ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ráàmù tí ò ní gba ibẹ̀ kọjá.

Klọ́ọ̀kù, ìyẹn ìlù tí apá kọ̀ọ̀kan fi ń rìn, mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: MCLK ni ti ráàmù, UCLK ni ti controller, FCLK ni ti Infinity Fabric. 4000 tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, 2000 MHz ni klọ́ọ̀kù ẹ̀ gan-an, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni DDR, irú ráàmù tí à ń lò yìí, máa ń gbé ẹrù nínú klọ́ọ̀kù kan. Nígbà tó o wà lórí 3200, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí 1600, wọ́n jọ ń rìn. Ní 4000, FCLK prósẹ́sọ̀ ẹ ò lè bá a dé 2000, 1800 ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn, èyí tó bá lágbára nínú wọn lè dé 1900, bọ́ọ̀dù wá gé UCLK sí ìdajì, ó di 1000, kò tiẹ̀ bi ẹ́ léèrè. Ó dà bí ìgbà tó o fẹ́ sọ̀ nínú mọ́tò kan kó o wọ òmíì, tí méjèèjì bá ń gbéra lásìkò kan náà, bó o ṣe ń sọ̀ lò ń wọ̀, àmọ́ tí kálukú bá ń gbéra nígbà tó wù ú, wàá dúró ní páàkì ni, bí mọ́tò àkọ́kọ́ ṣe sáré tó ò já mọ́ nǹkan kan.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kó lè yé ẹ. Mú CL, fi 2000 sọ ọ́ di púpọ̀, kó o wá fi nọ́ńbà ráàmù pín in, ohun tó bá kù ni nánósẹ́kọ́ńdì tí ráàmù fúnra ẹ̀ fi ń dáni dúró. 3200 CL16 jẹ́ 10. 4000 CL19 jẹ́ 9.5. Ìdajì nánósẹ́kọ́ńdì péré lo rí jẹ lára ráàmù tuntun yìí, mẹ́jọ lo sì pàdánù lójú ọ̀nà. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí àwọn tó ń tà á kì í ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà ńlá ni wọ́n ń nà sí wa.

Ìbéèrè: Háà, ó ti yé mi báyìí. Ṣé kí n dá a padà ni àbí ó ṣeé tún ṣe?

Ìdáhùn: Má dá a padà o. Wọ BIOS, ibi sẹ́tíǹsì tó máa ń ṣáájú Windows, fi XMP sílẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ fa ráàmù wá sí 3600, kọ 1800 síbi FCLK, tó o bá rí ibi tí wọ́n kọ UCLK sí, mú èyí tó sọ pé UCLK=MEMCLK (MCLK náà ni MEMCLK). Ráàmù tó lè sá 4000 CL19, ó ṣeé ṣe kó lè sá 3600 CL16, ìyẹn jẹ́ 8.9 nánósẹ́kọ́ńdì. Tó bá kọ̀ tí ò tan, gbé CL sí 18. Má dààmú ara ẹ lórí 17, torí tí Gear Down Mode, sẹ́tíǹsì ráàmù kan, bá wà ní títàn, ó máa sọ 17 di 18 fúnra ẹ̀, wàá máa rò pé o ti jèrè nǹkan.

Tó o bá padà wọ Windows, má wo Task Manager, kò mọ nǹkan kan nípa FCLK. ZenTimings, sọ́fítíwíà tó ń fi klọ́ọ̀kù ráàmù hàn, ni kó o ṣí, MCLK, FCLK àti UCLK gbọ́dọ̀ jẹ́ 1800 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú AIDA64, tó o bá rí i pé Write jẹ́ bí ìdajì Read, má bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe ṣe Ryzen 5 3600 nìyẹn, báìtì 32 ló lè kà nínú klọ́ọ̀kù kan, 16 ló lè kọ, ìyẹn ni 28.8 GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí FCLK bá jẹ́ 1800.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an, látẹ́ńsì ti wálẹ̀ sí 69! Ojú mi wá wọ̀ ọ́, mo gbé FCLK sí 1900, ráàmù sí 3800. Ó tan o, àmọ́ ohùn ń fọ́ tí mo bá ń gbọ́ orin, lálẹ́ àná ó tún kú tó sì tan fúnra ẹ̀.

Ìdáhùn: Bó ṣe tan yẹn ò túmọ̀ sí pé ó gbà á. Ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ àṣìṣe sí, wá WHEA-Logger, ìyẹn àṣìṣe tó wá látara ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, nínú System. Tó o bá rí Event ID 19 tó tò gbọọrọ, tí wọ́n kọ Bus/Interconnect Error síbẹ̀, Infinity Fabric ló ń ké yẹn. Ó ń ṣàṣìṣe, ó ń tún un ṣe, ìgbà tí ò lè tún un ṣe mọ́ ló kú lálẹ́ àná. Gbé FCLK sọ̀ kalẹ̀ sí 1867 pẹ̀lú ráàmù 3733, tí àṣìṣe yẹn bá ṣì ń yọ, 1833 pẹ̀lú 3667, tó bá ṣì ń yọ, padà sí 1800 kó o jókòó síbẹ̀. Àwọn kan máa ní kó o máa fi iná kún SOC, apá prósẹ́sọ̀ tí memory controller wà, èmi ò kí ń kọjá 1.1 V lórí ẹ̀ torí kì í ṣe gbogbo ìgbà tí iná bá pọ̀ ló máa ń gbà á. Lẹ́yìn náà kó o fi MemTest86, sọ́fítíwíà tó ń dán ráàmù wò, ṣeré títí ilẹ̀ máa fi mọ́, ìwé àti iṣẹ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn ṣe pàtàkì ju 33 MHz lọ.

Ìbéèrè: Ìkan tó kù nìyí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí mo sì tún un tan, ráàmù á ti padà sí 2133, aago náà á ti bàjẹ́.

Ìdáhùn: Bátìrì CMOS, èyí tó ń tọ́jú sẹ́tíǹsì BIOS àti aago, ti kú. CR2032 ni, ẹyọ kan tó dà bí owó ẹyọ lórí bọ́ọ̀dù, pààrọ̀ ẹ̀, kó o tún gbogbo sẹ́tíǹsì yẹn kọ. Má fojú kékeré wò ó, torí ní 2133, FCLK náà á já wá sí 1067, gbogbo prósẹ́sọ̀ ló máa wúwo.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi tó ní Ryzen 5 7600 ń sọ pé tòun ò dọ́gba, MCLK 3000, UCLK 3000, àmọ́ FCLK 2000.

Ìdáhùn: Tiẹ̀ dáa. Lórí Ryzen 7000 tó jáde ní 2022 pẹ̀lú DDR5, MCLK àti UCLK nìkan ló yẹ kó dọ́gba, FCLK lè wà láàyè tiẹ̀ lórí 2000. Ráàmù 6000 tó ń lò yẹn, kó má fọwọ́ kàn án.