Modem láptọ́ọ̀pù àtijọ́ lórí fóònù ilẹ̀ òkèèrè
Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní modem (ẹ̀rọ tó ń gba wáyà fóònù wọ íńtánẹ́ẹ̀tì) rìnrìn àjò, ẹ má kàn ki wáyà bọ ihò fóònù òtẹ́ẹ̀lì o. Bí láìnì ibẹ̀ bá jẹ́ digital (irú tí ẹ̀rọ fóònù òtẹ́ẹ̀lì máa ń lò), ó lè jó modem yín. Láìnì fáàsì ni kí ẹ béèrè. Analog (irú láìnì fóònù ilé lásán, tí modem lè lò) ló sábà máa ń jẹ́. Ẹnu wáyà RJ-11 (irú ti Amẹ́ríkà tí modem ń lò) kò wọ ihò fóònù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Jámánì tí wọ́n ń pè ní TAE, ẹ ra adápítọ̀ láti ilé.

Tí modem bá ní òun ò gbọ́ ohùn láìnì (ohùn tí fóònù máa ń dún kí a tó tẹ nọ́ńbà), kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ohùn tibẹ̀ ló lè yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà tó mọ̀. Ẹ kọ ATX3 síbi àfikún àṣẹ nínú ètò modem, yóò tẹ nọ́ńbà láì dúró de ohùn kankan.