Bí Ẹ Ó Ṣe Dá Ayé Lóhùn Lẹ́yìn Tí Ara Yín Bá Ti Fúyẹ́

Nígbà tí ìwọ̀n ara mi jẹ́ kílò 124, àwọn awakọ̀ Micra ní Ìbàdàn máa ń ní kí n san owó ènìyàn méjì kí n tó wọlé. Lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí mo ti di kílò 79, màmá kan tí mo máa ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Bódìjà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì rọra bi mí bóyá ọkọ mi kì í fún mi lówó oúnjẹ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín ara rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀ ní láti múra sílẹ̀ de ẹnu àwọn ènìyàn bí ó ṣe ń múra sílẹ̀ de ebi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìbéèrè wọn ti ń wá. Láàárín wa, ara tí ó kún ni a fi ń mọ ẹni tí nǹkan ń ṣẹnuure fún, ara tí ó gbẹ ni a sì fi ń mọ àìsàn tàbí ìṣẹ́. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti asán, nítorí pé àtọ̀gbẹ, ikọ́ ife àti kòkòrò HIV lè mú kí ènìyàn rù láìjẹ́ pé ó gbìyànjú rárá. Bí ara yín bá ń dínkù nígbà tí ẹ kò yí oúnjẹ padà, ẹ má wulẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi yìí dé ìsàlẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá gbólóhùn kan tí ẹ óò máa fi dá gbogbo ènìyàn lóhùn, kí ẹ má sì máa yí i padà. Tèmi ni: "Ara mi le, mà. Dókítà ni ó ní kí n dín in kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru." Bí ó bá jẹ́ àgbà, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́, kí ẹ dúpẹ́ àníyàn rẹ̀, kí ẹ sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi máa ń ṣàlàyé oúnjẹ àti ìrìn òwúrọ̀ mi títí, ṣùgbọ́n bí àlàyé mi ṣe ń gùn tó ni ojú wọn ń sọ pé mo ń fi àìsàn pamọ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ikùn tàbí abẹ́rẹ́ tí ń mú ara fúyẹ́ ni ẹ lò, kò di dandan kí ará àdúgbò gbọ́. Ẹni tí ń tọ́jú yín àti ẹni tí ń dáná fún yín ni ó yẹ kí ó mọ̀.

Ní òde àríyá, ẹ má kọ oúnjẹ, nítorí pé olóde á ní òun ni ẹ kọ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ jẹ ẹran àti ẹ̀fọ́, ẹ tọ́ iyán wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n bá yín di èyí tí ó kù lọ sílé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ìfẹ́ òjijì yóò dùn mí ju ìfura lọ. Ọkùnrin kan wà tí a jọ ń lo ọ́fíìsì kan fún ọdún mẹ́fà, tí kì í bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ní ọjọ́ tí mo wọ aṣọ tuntun tí ó gbà mí níbàdí, ó dìde, ó fa àga fún mi, ó sì béèrè orúkọ àwọn ọmọ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo dáhùn, mo sì lọ sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí pé èmi kan náà ni mo ti jókòó síbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má bú u, ẹ má sì tètè sọ ọ́ di ọ̀rẹ́. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ti ń ṣe dáadáa sí yín kí ara tó fúyẹ́. Àwọn ni kí ẹ máa kọ́kọ́ pè. Mẹ́sàn-án ni mo rí kọ, awakọ̀ Micra kan sì wà nínú wọn.

Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ sanra tẹ́lẹ̀ lè máa yẹra, nítorí ó rò pé ojú tí ayé fi ń wo òun ni ẹ̀yin náà yóò fi máa wo òun. Ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ má sì dárúkọ kílò.

Ẹ bá ọkọ tàbí aya yín sọ̀rọ̀ kí ìyìn tó bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Sweden tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé, láàárín àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn nítorí sísanra, ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n sanra ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣe é lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí kò ní ẹnì kejì túbọ̀ ń rí ẹni fẹ́. Nínú ilé tèmi, ohun tí ó ń bí ọkọ mi nínú ni pé ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ ń gbọ́ pé mo rẹwà.

Ní ti aṣọ, ìró àti bùbá kò ní wàhálà, nítorí pé bí a bá ṣe fẹ́ ni a ṣe lè ró o. Aṣọ ẹbí tí wọ́n rán mọ́ ara ni ìṣòro. Ẹ dúró títí ìwọ̀n ara yín yóò fi dúró sójú kan fún oṣù mẹ́fà kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, nítorí pé ara tí ó lọ lè padà wá. Tèmi ti gbé àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ nígbà tí mo ní kí ó dúró, kí ó ká aṣọ tí ó pọ̀ jù náà sínú, kí ó rán an mọ́lẹ̀, kí ó má gé e.